Àáró ni, àbí ọ̀wẹ̀? Ohun tí à ń bi àwọn olùwádìí òkèèrè kí a tó fọwọ́ sí ìwé

Lẹ́tà kan wọlé sí ọ́fíìsì wa lóṣù tó kọjá láti yunifásítì kan ní Yúróòpù. Gàrí Ìjẹ̀bú ni wọ́n fẹ́ wá wò. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ wá jẹ ẹ́ (wọ́n á kúkú jẹ ẹ́, kò sí èyí tó wá rí tí kò jẹ ẹ́). Ohun tíńtínní tí ojú kò lè rí, tó ń mú un kan, ni wọ́n ń wá. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí lọ́nà Odògbolú mọ bó ṣe ń lọ: wọ́n á bó pákí, wọ́n á rin ín, wọ́n á dì í sápò, wọ́n á fi ohun wúwo tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún, kí wọ́n tó kù ú, kí wọ́n tó gbé agbada kaná. Láàrin ọjọ́ wọ̀nyẹn ni àwọn ohun tíńtínní náà ń ṣiṣẹ́. Àwọn ló ń mú un kan, ìgbà yẹn náà sì ni sáyánáìdì, májèlé tó wà nínú pákí tútù, ń dín kù. Àwọn ará Yúróòpù fẹ́ kó wọn lọ sí ilé àyẹ̀wò tiwọn. Wọ́n so MoU (ìwé ìfohùnṣọ̀kan) olójú-ìwé méjì mọ́ lẹ́tà, wọ́n ní kí a fọwọ́ sí i kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.

Inú ọ̀gá wa dùn. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ọjọ́ wo ni kí òun pe àwọn oníròyìn.

Èmi ni mò ń darí ikọ̀ kékeré kan lẹ́nu iṣẹ́ ọba tó ń bójú tó irú àjọṣe báyìí: ìwádìí àti ìmọ̀ tuntun láàrin àwa àti àwọn ará òkèèrè. Èèyàn márùn-ún ni wá. Lọ́yà kan, oníṣirò owó kan, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ọmọbìnrin kan tó ń ṣọ́ ọjọ́ tí ìwé kọ̀ọ̀kan ń kú, àti èmi. Kí fáìlì kankan tó kúrò lórí tábìlì wa, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi bíró pupa kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí èèpo rẹ̀, A tàbí Ọ. Oníṣirò owó wa, ọmọ Ṣágámù tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ló dá a sílẹ̀. A dúró fún àáró. Ọ dúró fún ọ̀wẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ò fọwọ́ kan ọkọ́ rí, ẹ jẹ́ kí n là á. Nínú àáró, àwọn àgbẹ̀ tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba á kóra jọ, wọ́n á ro oko tèmi lónìí, wọ́n á ro tìrẹ lọ́tùnla, títí yóò fi kárí. Ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san án, gbogbo abà ló máa mọ̀. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Ẹnì kan ní iṣẹ́ ńlá nílẹ̀, ó pe èèyàn, ó se ìkókoré, ó gbé ẹmu kalẹ̀. Wọ́n bá a ṣe é, wọ́n jẹun, wọ́n relé. Òun ló ni oko, òun ló ni ìkórè. Ọ̀wẹ̀ ò burú o. A ti jẹ ẹ́, a ti yó. Ibi tí wàhálà wà ni kí wọ́n pe èèyàn sí ọ̀wẹ̀ kó máa retí àáró.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀gá kì í fẹ́ gbọ́: MoU kì í sábà de ẹnikẹ́ni. Púpọ̀ nínú wọn ló kọ ọ́ sínú ara wọn gan-an pé àwọn ò lágbára òfin. Mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ ni, kò tí ì sí ìdána. Ìdána ni àfikún tó ń tẹ̀ lé e, ìwé gígùn tó ń súni, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ta ló ń mú kí ni wá, kí ló ń jáde nílẹ̀ yìí, ta ló ni ohun tí a bá rí, ta ló sì ń san owó iná. Kò sí kámẹ́rà tó ń ya àfikún.

Mo ti ṣubú sí kòtò yìí rí. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé ipò yìí, a bá ilé ìwádìí òkèèrè kan tí n kò ní dárúkọ ṣe àdéhùn láti yẹ ilẹ̀ oko obì wò ní Rẹ́mọ. MoU dára, fọ́tò dára. Àfikún ńkọ́? Wọ́n ní àwọn á fi ránṣẹ́. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n dì í sí ọ̀rá, ó bá bàálù lọ. Ọdún méjì ààbọ̀ lẹ́yìn náà ni mo rí àpilẹ̀kọ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ àwọn ọmọ wa tó rìn nínú igbó obì láti àárọ̀ dalẹ́ wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Kí n sì tó lè ka ìyókù, wọ́n ní kí n san dọ́là. Títí dòní, bí mo bá gba ọjà kọjá, àgbẹ̀ kan wà tó máa ń pè mí: "Ọ̀gá, kí ni ilẹ̀ wa wí?" Mi ò lè di ẹ̀bi náà ru àwọn òyìnbó. Èmi ni mo fọwọ́ sí ohun tí mi ò rí.

Láti ìgbà náà, ohun tó ń jáde ni mo kọ́kọ́ ń wò. Àdéhùn Nagoya, tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lé lórí ní Jàpáànù lọ́dún 2010, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014, kan Nàìjíríà. Ohun tó wí ni pé ẹni tó bá fẹ́ fi ohun abẹ̀mí ilẹ̀ kan ṣèwádìí, ìbáà ṣe igi, ìbáà ṣe ohun tíńtínní inú pákí, kó kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè tó ni ín, kí ẹ sì jọ sọ bí èrè yóò ṣe pín. Ó tún fọwọ́ kan ìmọ̀ tí àwọn ará ìbílẹ̀ ní lórí nǹkan náà. Bí ilé iṣẹ́ kan bá wá fi ohun tó ń mú gàrí kan yìí ṣe ìyẹ̀fun tí wọ́n ń tà lágbàáyé lọ́jọ́ kan, kò yẹ kó jẹ́ orí rédíò ni àwọn ìyá tó mọ iye ọjọ́ tí àpò ń lò lábẹ́ òkúta ti máa gbọ́ ọ.

Tó bá wá kan ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ èèyàn, ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí ìlera lórílẹ̀-èdè yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i, ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ wà lórí ohun tí wọ́n ń kó lọ, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 sì wà lórí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù aláìsàn. Àwọn kan máa ń sọ pé a ti ń fa nǹkan gùn jù. Mo máa ń rán wọn létí Kánò lọ́dún 1996, nígbà tí Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé lásìkò àjàkálẹ̀ yírùnyírùn. Ọdún 2009 ni wọ́n tó yanjú rẹ̀ pẹ̀lú ìpínlẹ̀ Kánò, mílíọ̀nù márùndínlọ́gọ́rin (75) dọ́là.

Èyí tó dára jù ni kí nǹkan má tilẹ̀ jáde. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, ará Ítálì tí wọ́n kọ́kọ́ bá kòrónà lára rẹ̀ ní Nàìjíríà ti dé Ewékorò ní ìpínlẹ̀ wa níbí. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ilé ìwádìí ACEGID ní Yunifásítì Redeemer's, Ẹdẹ, pẹ̀lú àwọn alábàáṣe wọn ní Èkó, ti ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Owó Báǹkì Àgbáyé wà níbẹ̀, àjọṣe pẹ̀lú àwọn onímọ̀ Harvard wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ẹ̀rọ wà, ẹ sì wo ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Fáìlì bẹ́ẹ̀, A ńlá ni à bá kọ sí i lára.

Pákí náà ní tiẹ̀. Iṣẹ́ NextGen Cassava tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012 kó Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, IITA (ilé ìwádìí ọ̀gbìn àgbáyé tó wà ní Ìbàdàn) àti ilé ìwádìí ọ̀gbìn ìjọba tó wà ní Umudike pọ̀. Cornell mú ìmọ̀ kíka àbùdá irúgbìn wá. Àwọn tiwa mú oko, ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá tí wọ́n ti fi ń ṣàyẹ̀wò pákí, àti etí tó ń gbọ́ ohun tí àwọn tó ń ṣe gàrí ń fẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, irú pákí márùn-ún jáde. Ọ̀kan ń jẹ́ Baba-70, òmíràn ń jẹ́ Obasanjo-2, nítorí náà Ògùn ò lè ní wọn ò rántí òun. IITA ní oko ìwádìí ní Ìkẹ́nnẹ́ tí púpọ̀ nínú yín ń wa ọkọ̀ kọjá láìyíjú. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí àwọn ará òkèèrè wá wa wá.

Ẹ sì gbọ́, ó ṣe pàtàkì kí wọ́n máa wá wa. Àwọn èèyàn rò pé owó ìwádìí Yúróòpù kò kàn wá. Ó kàn wá. Horizon Europe, ètò owó ìwádìí ẹgbẹ́ Yúróòpù, tó ń ná nǹkan bíi bílíọ̀nù 93.5 yúrò láti 2021 sí 2027, gba ilé ẹ̀kọ́ Nàìjíríà láyè láti gba owó. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ ìpè tí wọ́n fi ń ní kí èèyàn wá béèrè owó, ó kéré tán kí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé iṣẹ́ mẹ́ta láti orílẹ̀-èdè mẹ́ta ti kóra jọ, kí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Yúróòpù tàbí alájọṣe wọn, kí á tó ka tiwa mọ́ ọn. Ẹnu ọ̀nà ni à ń dúró sí títí ẹni tó wà nínú ilé á fi pè wá. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ tí ìpè jáde kó tó máa wá ọ̀rẹ́, ó ti pẹ́. Àwa máa ń kọ lẹ́tà ní ọdún kan ṣáájú, sí onímọ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí ẹni wa kan ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìlíṣàn ń ṣe, láìtọrọ nǹkan kan.

Owó fúnra rẹ̀ ní èdè tiẹ̀. Horizon ń fi 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó iṣẹ́ fún iná, omi àti ọ́fíìsì. Amẹ́ríkà, nínú owó ìwádìí ìlera wọn, kì í ju 8 lọ fún ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ òkèèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ló ń ra dísùẹ̀lì nínú 8? Oníṣirò owó wa ti kọ́ láti kọ dísùẹ̀lì sínú owó iṣẹ́ gan-an, pẹ̀lú iye lítà. Ó tún ti kọ́ láti má kọ owó tí à ń retí ní náírà: lẹ́yìn tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, owó kẹ́míkà ọdún kan tí a ti fọwọ́ sí kò ra ìdajì rẹ̀ mọ́.

Bó bá wá jẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni à ń rà lọ́wọ́ wọn, ẹ forúkọ ìwé náà sílẹ̀ ní NOTAP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó rírà ìmọ̀ ẹ̀rọ láti òkèèrè. Òfin ti wà láti 1979, báǹkì kò sì gbọdọ̀ fi owó náà ránṣẹ́ láìrí ìwé ẹ̀rí wọn.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn alábàáṣe jà jù ni ọ̀rọ̀ ìparí. Kò sẹ́ni tó ń fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ikú nílé ìgbéyàwó. Lọ́dún 2021, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dín owó ìrànwọ́ òkèèrè wọn kù láti 0.7 sí 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè wọn. Àjọ ìwádìí wọn rí i pé owó tí òun ti ṣèlérí fi mílíọ̀nù 120 pọ́n-ùn ju èyí tó wà lọ́wọ́ òun lọ, iṣẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ sì dúró lójú ọ̀nà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, NIH, àjọ tó ń fúnni lówó ìwádìí ìlera ní Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn ò ní jẹ́ kí olùgbowó wọn máa pín owó fún alábàáṣe lókè òkun mọ́ títí àwọn á fi ṣètò ọ̀nà mìíràn. Nítorí náà, kókó kan wà tí a kì í fọwọ́ sí ìwé láìsí i: bí owó bá dúró lójijì, ta ni yóò san owó oṣù mẹ́fà fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wà láàrin iṣẹ́, ta ló sì ni fìríìsà? Ẹni tó bá ti ní fìríìsà tó ń dì dé ìwọ̀n 80 nísàlẹ̀ òdo, tí jẹnẹrétọ̀ sì kú lóru Sátidé, kò ní bi mí pé kí nìdí.

Ọ̀rọ̀ ìlú náà wà. Ìwé àṣẹ láti Àbújá kì í gbẹ́lẹ̀. Wo Erédò Súńgbọ́, yàrà tó gùn ju kìlómítà 160 lọ yíká ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí Patrick Darling láti Yunifásítì Bournemouth mú kí ayé gbọ́ nípa rẹ̀ lọ́dún 1999. Ẹni tó bá fẹ́ walẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́mù. Ó tán? Kò tán. Àwọn tó ni ilẹ̀ wà, ọba wà, ní Òkè-Ẹ̀rì sì rèé, àṣà kò gba obìnrin láyè láti wọ ojú oórì Bílíkísù Súńgbọ́, obìnrin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe yàrà náà. Bí obìnrin bá ni olórí àwọn olùwádìí náà, ìgbà tí wọ́n ṣì wà nílé wọn ni kí ẹ ti sọ fún un, kì í ṣe ìgbà tó bá dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àpò lẹ́yìn.

Èsì tí a fún àwọn ará Yúróòpù tó wá nítorí gàrí kò gùn. A ní kí ìdajì ohun tí wọ́n bá kó wà nílé àyẹ̀wò kan níbí; kí akẹ́kọ̀ọ́ wa kan lọ, kó sì padà wá pẹ̀lú iṣẹ́ náà; kí àpilẹ̀kọ wà níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́; kí wọ́n sì kọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá tó ń yan gàrí sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ìmọ̀, kí wọ́n ní ìpín bí èrè bá dé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni wọ́n fèsì. Wọ́n gba mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìkẹrin, wọ́n ní lọ́yà àwọn ń wò ó. Ọ̀gá wa tún ti bi mí nípa àwọn oníròyìn. Fáìlì náà wà níwájú mi báyìí, mi ò tí ì kọ lẹ́tà kankan sí èèpo rẹ̀.