Ìdí Tí Ọkọ̀ Òkun Tó Ṣì Ń Rìn Fi Ń Di Kọ̀ndẹ́ẹ̀mù

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé: ọkọ̀ òkun ṣì ń rìn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dún dáadáa, kí ló wá dé tí olówó rẹ̀ fi tà á fún àwọn oníkọ̀ndẹ́ẹ̀mù? Èmi tí mo ń fi àyẹ̀wò ọkọ̀ jẹun, èsì mi kì í gùn. Ìṣirò owó ló ń pa ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, òkun kọ́.

Nǹkan bí ọdún 20 sí 30 ni ọkọ̀ akẹ́rù fi ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún márùn-ún márùn-ún, àwọn ilé iṣẹ́ bíi Lloyd's Register tàbí Bureau Veritas máa ń ṣe àyẹ̀wò ńlá fún un. Ọkọ̀ tí kò bá ní ìwé wọn kò lè rí ìṣúránsì, ta ló sì máa kó ẹrù sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀? Nígbà tí ọkọ̀ ṣì jẹ́ tuntun, àyẹ̀wò yìí kì í le. Tó bá ti lé ní ogún ọdún, ọ̀rọ̀ á yí padà.

Ibi tí a máa ń tú wò jù ni táńkì tí wọ́n ń fa omi òkun sí kí ọkọ̀ tó ṣófo má baà máa fì. A kì í ṣàdédé wọ ibẹ̀. Irin tó ń dípẹtà nínú ibi tí wọ́n dé pa máa ń fa ọ́síjìn tí èèyàn fi ń mí tán nínú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá kánjú sọ̀ kalẹ̀ lè ṣubú kó má dìde mọ́, ẹni tó sáré wọlé láti gbà á á sì ṣubú tì í. A á ṣí ìdérí, a á fẹ́ atẹ́gùn sí i, a á fi ẹ̀rọ wọn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, ká tó tan tọ́ọ̀ṣì wọlé. Ẹ fi òòlù kan ara irin níbẹ̀, ìpẹtà á máa já bọ́ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. A á ha ojú irin náà mọ́, a á fi ẹ̀rọ kékeré kan lé e, á sọ bó ṣe nípọn tó. Bí ìpẹtà bá ti jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, wọ́n á gé e kúrò, wọ́n á jó tuntun mọ́ ọn. Lára ọkọ̀ àgbà, irin tí wọ́n á pààrọ̀ lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún tọ́ọ̀nù.

Ìgbà náà ni olówó ọkọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ká ní ọkọ̀ náà wúwo tó tọ́ọ̀nù 10,000 láìsí ẹrù, tí oníkọ̀ndẹ́ẹ̀mù sì ń san 450 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan: mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ dọ́là nìyẹn. Bí iṣẹ́ ẹrù bá ń mówó wọlé, á tún un ṣe; bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, á gba owó kọ̀ndẹ́ẹ̀mù. Ní 2021 tí owó tí wọ́n fi ń kó kọ̀ǹtéńà wọ́n bí ojú, àwọn arúgbó ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Panama ṣí ọ̀nà omi tó fẹ̀ ní 2016, ọkọ̀ tó tóbi jù wọ́n lọ ń gbabẹ̀ kọjá, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kọ̀ǹtéńà tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n ọ̀nà àtijọ́ sì di aláìníṣẹ́. Wọ́n tú àwọn kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá.

Alang ní Íńdíà, Chattogram ní Bangladesh àti Gadani ní Pakistan ni ọ̀pọ̀ ń parí sí. Ní Alang, ọ̀gákọ̀ á dúró dìgbà tí òkun bá kún dáadáa, á fi gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì darí ọkọ̀ gun etíkun. Tí omi bá fà, ọkọ̀ ti jókòó sórí ẹrẹ̀. Seawise Giant, ọkọ̀ epo tó gùn ní mítà 458, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi gáàsì gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Irin ọkọ̀ á lọ di rọ́ọ̀dù ìkọ́lé, ibùsùn àti àwo rẹ̀ á dé ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ títì.

Epo àti gáàsì tó ṣẹ́ kù nínú táńkì ló ń bà mí lẹ́rù. Ní Gadani, oṣù kọkànlá 2016, ọkọ̀ epo kan bú gbàù, òṣìṣẹ́ tó kú lé ní ogún. Àdéhùn Hong Kong, àdéhùn àgbáyé lórí títú ọkọ̀, tó ní kí ọkọ̀ máa gbé àkọsílẹ̀ gbogbo ohun olóró inú rẹ̀ ti wà láti 2009, àmọ́ oṣù kẹfà 2025 ló tó di òfin. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko!

Bí ọmọ yín bá fẹ́ gba iṣẹ́ lórí ọkọ̀, kó kọ́kọ́ bèèrè nọ́ńbà IMO ọkọ̀ náà (IMO ni àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun), nọ́ńbà méje tí kì í yí padà bí orúkọ bá tiẹ̀ yí lẹ́ẹ̀mẹwàá. Kó fi wo ọkọ̀ náà lórí Equasis, ìkànnì tí àkọsílẹ̀ ọkọ̀ wà, ọ̀fẹ́ ni. Bí ó bá ti lé ní ogún ọdún, tí àyẹ̀wò ńlá rẹ̀ kù díẹ̀, tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ àsíá rẹ̀, ìyẹn orílẹ̀-èdè tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìrìnàjò ìkẹyìn rẹ̀ nìyẹn. Kí owó oṣù àti owó ọkọ̀ òfuurufú tó máa gbé e padà sílé wà nínú ìwé àdéhùn kó tó wọ ọkọ̀.