Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ìjọba Àpapọ̀ fún Iṣẹ́ Ọnà Áfíríkà, Washington

Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ìjọba Àpapọ̀ fún Iṣẹ́ Ọnà Áfíríkà wà lábẹ́ àjọ Smithsonian ní Washington, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Warren Robbins ló dá a sílẹ̀ ní 1964, nínú ilé kan ní Capitol Hill tí Frederick Douglass, gbajúgbajà ajàfẹ́tọ̀ọ́ tó bọ́ lóko ẹrú, ti gbé rí. Ó bọ́ sábẹ́ Smithsonian ní 1979, ó sì kó lọ sí National Mall, pápá gbalasa kan láàárín ìlú Washington, níbi tó wà di òní, ní 1987.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ lè rò pé ilé náà kéré, nítorí pé ẹnu àbáwọlé nìkan ló yọ sókè nínú ọgbà òdòdó tó wà níbẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú gbọ̀ngàn àfihàn rẹ̀ wà. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé, ibùdókọ̀ ojú irin Smithsonian kò sì jìnnà síbẹ̀. Ìwọ̀nba ni ohun tí wọ́n ń pàtẹ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ó dára kí àlejò kọ́kọ́ yẹ ìkànnì wọn wò.

Ohun tó yẹ kí ọmọ Yorùbá wá kiri jù lọ níbẹ̀ ni àwo olómọrí tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ fi igi gbẹ́. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tí àwọn ọba bíi Arìnjalẹ̀ Ìsẹ̀ àti Ògògà Ìkẹ́rẹ́ gbé iṣẹ́ ààfin fún, kú ní nǹkan bí ọdún 1938. Ère obìnrin kan kúnlẹ̀, ó gbé àwo náà lọ́wọ́. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin dì mọ́ra lórí ọmọrí rẹ̀, wọ́n ń jó. Lábẹ́ àwo, láàárín àwọn ère tó gbé e ró, orí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wà tó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n tí kò ṣeé mú jáde, nítorí inú ibẹ̀ gan-an ni Ọlọ́wẹ̀ ti gbẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tó pabanbarì ni. Irú àwo báyìí ni wọ́n máa ń fi gbé obì síwájú àlejò tàbí òrìṣà.

Ní oṣù kẹwàá 2022, Smithsonian dá ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ ọnà Ìbìní 29 padà fún Nàìjíríà. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló kó wọn nígbà tí wọ́n ṣígun wọ Ìbìní ní 1897. Ogún nínú wọn padà sílé, mẹ́sàn-án tó kù sì wà ní Washington gẹ́gẹ́ bí ohun tí Nàìjíríà yá wọn.