Réèlì àti Okùn fún Ará Ifẹ̀ tó Ń Lọ Pẹja Létí Òkun

Ilé-Ifẹ̀ kò sí létí òkun, síbẹ̀ réèlì (ẹ̀rọ tí a ń ká okùn ìpẹja mọ́) tí iyọ̀ ti bàjẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń gbé wá fún mi tún ṣe ní Lágere. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni wọ́n ti fi wọ́n pa epìyà ní adágún Ọ̀pá láìsí wàhálà, kí wọ́n tó gbé wọn lọ sí etí òkun Tarkwa Bay ní Èkó, tí wọ́n sì dì wọ́n sínú àpò láìfọ̀ nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé. Nítorí náà, ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó fẹ́ ra réèlì omi iyọ̀ ni pé kí ó fi owó rẹ̀ sórí èyí tí wọ́n fi rọ́bà dí dáadáa tí dírágì rẹ̀, ìyẹn bíréèkì okùn, sì ń ṣiṣẹ́ geere, kí ó má ka iye bẹ́ẹ̀rìn (àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké tó ń jẹ́ kí nǹkan yí) tí wọ́n kọ sára páálí sí. Ẹni tó bá ní réèlì òun kò ní àléébù ní ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ kò tíì dán an wò, nítorí omi ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní iyọ̀ rárá.

Ibi tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni kẹ̀kẹ́ kékeré tí okùn ń gbà kọjá lára irin tí a ń ṣí nígbà tí a bá fẹ́ ju ìwọ̀. Okùn tó ti inú òkun bọ̀ ń gbé omi iyọ̀ dé ibẹ̀ tààrà. Bí bẹ́ẹ̀rìn inú rẹ̀ bá ti dípẹtà, kẹ̀kẹ́ náà kò ní yí mọ́, okùn á máa ha ojú kan ṣoṣo títí yóò fi gbẹ́ ojú ọ̀nà síbẹ̀, okùn fúnra rẹ̀ á sì máa lọ́ pọ̀. Ẹ fi èékánná yí i wò kí ẹ tó sanwó.

Ní ti ìwọ̀n réèlì, nọ́ńbà 3000 tàbí 4000 tó fún etí òkun àti ọ̀sà.

Dírágì ni ó ń jẹ́ kí okùn máa jáde díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹja bá ń fà, kí okùn má bàa já. Ẹ fa okùn náà pẹ̀lú ọwọ́ ní ṣọ́ọ̀bù: bí ó bá ń dúró, tó tún ń jáde lójijì, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ìdá kan nínú mẹ́rin agbára okùn ni kí ẹ fi í sí, tàbí kí ó lé díẹ̀. Fún okùn pọ́ùn 20 (ìyẹn agbára tó lè fà á já), ẹ so ó mọ́ ìwọ̀n aláfikọ́ tí àwọn oníṣòwò ẹja fi ń wọn ọjà, kí ẹ sì to dírágì títí okùn yóò fi máa jáde ní nǹkan bíi kílò 2 àbọ̀.

Okùn híhun ni mo fara mọ́, láti pọ́ùn 15 sí 20. Èyí tó jẹ́ pọ́ùn 20 fẹ́rẹ̀ẹ́ má nípọn ju ọ̀rá (okùn náílọ́ọ̀nù tí a kò hun) pọ́ùn 8 lọ, nítorí náà ó ń lọ jìnnà tí a bá jù ú. Kì í sì í nà, èyí tó ń jẹ́ kí ọwọ́ mọ̀ nígbà tí ẹja bá kàn fi ẹnu kàn án. Ẹ kọ́kọ́ ká ọ̀rá mítà díẹ̀ sísàlẹ̀, torí okùn híhun máa ń yọ̀ lórí irin tí a ká a mọ́, gbogbo rẹ̀ á sì máa yí lódindi láìfa ẹja kankan. Àléébù rẹ̀ ni pé òkúta tètè ń gé e, ìdí nìyí tí a fi ń so nǹkan bíi mítà kan fluorocarbon (irú ọ̀rá líle kan) pọ́ùn 30 mọ́ iwájú rẹ̀.

Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ kúrò ní Èkó ni kí ẹ ti fọ réèlì. Ẹ dé dírágì pa, ẹ fi omi ẹ̀rọ wọ́n ọn níwọ̀nba, ẹ má sì fi páìpù tó ń tú omi pẹ̀lú agbára lù ú, nítorí agbára yẹn ni yóò ti iyọ̀ wọ inú rẹ̀. Bí ó bá gbẹ, ẹ tú dírágì sílẹ̀ kí àwọn awẹ́ inú rẹ̀ má bàa tẹ̀ mọ́ra wọn.

Bí ó bá jẹ́ kúta (barracuda) ni ẹ ń wá, fluorocarbon yẹn kò ní tó, nítorí eyín rẹ̀ mú púpọ̀. Wáyà tín-ín-rín tó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ni kí ẹ fi sáàárín ìwọ̀ àti fluorocarbon, kí ẹ sì yọ ọ́ nígbà tí ẹ bá padà sórí ẹja croaker.