Géèmù Àtijọ́ Kì Í Ṣe Búlọ́ọ̀kù: Tẹlifíṣọ̀n Ẹlẹ́yìn Ńlá Ló Ń Parí Àwòrán Náà

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi ní Àkúrẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ó ń gbá géèmù àtijọ́ Super Mario Bros. lórí fóònù rẹ̀, ló bá na fóònù náà sí mi: "Àǹkù, ẹ wo bí ojú bàbá yìí ṣe rí págunpàgun. Ṣé báyìí lẹ ṣe ń wò ó nígbà tiyín?"

Mo ní rárá o. Kò gbà. Ó ní géèmù kan náà ni, àmọ́ tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà yẹn kò ríran dáadáa, òun ni kò jẹ́ ká rí búlọ́ọ̀kù ibẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́ nìyẹn, títí kan àwọn àgbà tó gbá géèmù náà fúnra wọn ní kékeré: pé àwòrán géèmù àtijọ́ kò ju búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà tò jọ, pé tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn ńlá ń bò ó lójú, pé pílásímà òde òní ló wá tú àṣírí rẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn tó mòye gan-an là ń bù kù bẹ́ẹ̀. Ojú gíláàsì ẹlẹ́yìn ńlá yẹn ni wọ́n fi ń yẹ iṣẹ́ wọn wò bí wọ́n ṣe ń yà á. Òun ni wọ́n yà á fún.

Ẹ jẹ́ ká wo inú tẹlifíṣọ̀n náà. Gíláàsì tí àwọn ràdíònìkì ń pè ní tuùbù ló wà níbẹ̀, irú èyí tí Karl Ferdinand Braun ará Jámánì kọ́kọ́ ṣe ní 1897. Ní ìdí rẹ̀ lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ohun kan wà tó ń yin ìtànṣán ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹyọ iná mànàmáná tíntìntín, bọ̀ wá síwájú. Wọ́n ti fi ẹ̀tù kan tó máa ń tàn ra inú ojú gíláàsì, pupa, ewéko àti búlúù, ní ẹyọ wínníwínní. Wọ́n sì gbé irin pẹlẹbẹ tí wọ́n lu bí asẹ́ sẹ́yìn rẹ̀ nínú tuùbù, kí ìtànṣán kọ̀ọ̀kan má baà ṣìnà lọ sára àwọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá ti ta omi sójú tẹlifíṣọ̀n rí lọ́mọdé, tó wo inú ẹ̀kán omi náà, ti rí àwọ̀ mẹ́ta yẹn. Wọ́n sì ti lè nà án nítorí rẹ̀.

Ohun tó ṣe pàtàkì níbí ni pé kò sí píksẹ́lì, ìyẹn ẹyọ iná onígun mẹ́rin tó dá dúró, kankan nínú tuùbù. Lórí fóònù, ẹyọ iná kọ̀ọ̀kan ní ààyè tirẹ̀ tó ní ògiri yí ká. Ìtànṣán inú tuùbù kì í dúró. Ó ń gbá ojú gíláàsì lọ láti òsì sí ọ̀tún bí ẹni ń gbálẹ̀, tó bá sì kan ibi tí àwọ̀ ti yí padà, díẹ̀díẹ̀ ló ń yí i, etí rẹ̀ kì í gún. Ibi tó bá mọ́lẹ̀ gan-an tún máa ń wú díẹ̀ ju ibi tó ṣókùnkùn lọ. Igun tó mú lórí fóònù máa ń di rìbìtì níbẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á yọ, imú á yọ.

Ìlà tún wà. PAL, ìlànà kan tí wọ́n fi ń fi àwòrán ránṣẹ́, ni tẹlifíṣọ̀n wa ní Nàìjíríà ń lò nígbà yẹn: ìlà 625, tó pín sí ìdajì méjì tí wọ́n ń wọ inú ara wọn, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Géèmù ìgbà náà kì í lo ìdajì kejì. Orí ìlà kan náà ló ń tẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ó sì ń fi àlàfo dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Àlàfo yẹn ni ojú wa fúnra rẹ̀ ń dí.

Èyí tó wù mí jù ni ti wáyà. Inú ihò eríàlì la máa ń ki géèmù ilé wa sí, a ó wá máa yí ṣánẹ́ẹ̀lì kiri títí tí àwòrán á fi yọ. Ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ ló jọ ń gba inú wáyà kan ṣoṣo yẹn kọjá, ti àwọ̀ kò sì ráàyè tó. Tí àwọ̀ méjì bá sún mọ́ra jù, wọ́n á pò mọ́ra kí wọ́n tó dé tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ayàwòrán mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú géèmù Sonic the Hedgehog tó jáde ní 1991, omi kan ń dà wálẹ̀ látorí òkè. Mega Drive, ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ṣe é fún, kò ní ọ̀nà tó rọrùn láti ya omi téèyàn lè rí ẹ̀yìn rẹ̀, àwọ̀ tó sì lè lò lẹ́ẹ̀kan náà kò ju nǹkan bí 60 lọ. Wọ́n wá to ìlà omi kan, wọ́n fo ìlà kan, wọ́n tún to omìíràn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lórí pílásímà, ọgbà onírin lásán lẹ máa rí. Lórí tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn ńlá, àwọn ìlà náà á yọ́ pọ̀, ẹ ó sì rí omi tó ń dán, tí òkè hàn lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ rántí aṣọ ẹtù lára bàbá tó jókòó lókèèrè níbi ìnáwó. Aró tó jinlẹ̀ lẹ máa rí, tó ń kọ díẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ tó fún un lórúkọ. Ìgbà tẹ́ ẹ bá lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ lẹ máa rí òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ahunṣọ fi sáàárín aró. Kò sẹ́ni tó máa ní ibi tí òun dọ̀bálẹ̀ sí yìí ni aṣọ náà ti rí bó ṣe yẹ, pé ìran òkèèrè ni irọ́.

Ti Apple II, kọ̀ǹpútà tó jáde ní 1977, tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná títàn tàbí iná pípa nìkan ló ń kọ ránṣẹ́ sójú tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn ni tẹlifíṣọ̀n ń kà sí àwọ̀, á sì tan àwọ̀ náà.

Àwọn mìíràn ti wá gba apá kejì lọ jù, wọ́n ní gbogbo àwòrán onípíksẹ́lì ni wọ́n yà kó lè pò pọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Game Boy, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú ti 1989, ní ojú pẹlẹbẹ tirẹ̀, píksẹ́lì rẹ̀ sì dá dúró kedere. Kọ̀ǹpútà tó ń lo VGA, ìlànà àwòrán kọ̀ǹpútà tó jáde ní 1987, ń pín àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí wáyà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwòrán rẹ̀ sì mú rekete. Ibi tí wọ́n yà á fún ló yẹ kéèyàn bi ara rẹ̀.

Nígbà tí àlàyé mi kò wọ ọmọ náà létí, mo gbé tẹlifíṣọ̀n ínṣì 14 ilé wa lọ sọ́dọ̀ ràdíònìkì kan nítòsí Ọjà Ọba. Ó nu eruku rẹ̀, ó jó wáyà kan padà, ó tàn. Mo wá géèmù ilé wa jáde nínú páálí, tòun ti ìbọn rẹ̀ tí a fi ń yin pẹ́pẹ́yẹ inú géèmù. Ọmọ náà ti gbìyànjú ìbọn yẹn lórí pílásímà mi ní àárọ̀, pẹ́pẹ́yẹ kan ò kú, ó ní ó ti bàjẹ́, ká jù ú nù. Àìmọye irú ìbọn bẹ́ẹ̀ tí kò ní àbùkù kankan ló ti bá ilẹ̀ lọ. Ojú ló wà lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe ọta. Téèyàn bá fà á, gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n á ṣókùnkùn fírí, ibi tí pẹ́pẹ́yẹ wà á sì funfun, ìbọn á wò ó bóyá òun rí funfun náà lásìkò yẹn gan-an. Tuùbù ń tàn án lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Pílásímà á kọ́kọ́ to àwòrán náà nínú ara rẹ̀ ná, nígbà tó bá sì máa fi tàn, ìbọn ti wò tán.

Ọmọ náà jókòó sílẹ̀, ó fa ìbọn. Pẹ́pẹ́yẹ já bọ́. Ó yí ojú padà wò mí, ó tún fà á, ó wá fi ìbọn sílẹ̀, ó sún mọ́ gíláàsì títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó ń wá búlọ́ọ̀kù.