Aṣèdá géèmù tó tún jẹ́ aṣorin

Aṣèdá géèmù ni ẹni tó ń gbé òfin eré orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kalẹ̀: ohun tí ẹni tó ń gbá a lè ṣe, ohun tó máa fi jẹ, ohun tó máa fi kú. Aṣorin géèmù ló ń ṣe ohùn tó ń bá eré náà rìn, láti orí orin ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìró kékeré tó ń dún béèyàn bá he owó. Láwọn ilé-iṣẹ́ ńlá lókè òkun, èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe é. Ní Èkó, tí ẹgbẹ́ aṣe-géèmù sábà máa ń kéré, kì í ṣe ohun àrà kí ẹnì kan ṣoṣo fi orí kan náà ru igbá méjèèjì.

Kí fóònù tó dé, Yorùbá ti ní ayò ọlọ́pọ́n: ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta là ń pè ní ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni ọ̀pẹ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ iṣẹ́ aṣèdá géèmù tán, torí eré rẹ̀ ò gbọdọ̀ le débi tí ọ̀pẹ á fi sá, kò sì gbọdọ̀ rọrùn débi tí á fi sú ọ̀ta. Ohùn náà wà níbẹ̀ látilẹ̀: ọmọ ayò tó ń kan igi, ẹ̀fẹ̀ àwọn tó dúró wòran. Ayò orí fóònù tó bá gbójú fo ìró yẹn ti sọ ìdajì ayò nù.

Lágbàáyé, àwọn kan ti dá irú iṣẹ́ yìí ṣe yọrí. Daisuke Amaya, ará Jàpáànù, fi nǹkan bí ọdún márùn-ún ṣe Cave Story tó jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2004; òun ló kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, òun ló yàwòrán, òun ló ṣe orin. Toby Fox, ará Amẹ́ríkà, gbé Undertale jáde ní 2015, orin 101 ló sì wà nínú àwo rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Stardew Valley ti Eric Barone dé, òun náà ló dá kóòdù, àwòrán àti orin rẹ̀ ṣe. Kò sí èyí tó yá nínú wọn.

Ní Èkó, 2012 ni Hugo Obi àtàwọn tó bá a ṣe é dá Maliyo Games sílẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Abiola Olaniran dá Gamsole sílẹ̀. Maliyo fi ìgbé ayé ojú títì ṣe géèmù, Okada Ride sì wà lára wọn. Gamsole gbájú mọ́ fóònù Windows, irú fóònù tó ti kógbá sílé báyìí. Kò sí ojú ọ̀nà kan pàtó tí wọ́n ń gbà wọ iṣẹ́ náà. Ẹlòmíràn ti ìdí kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì bọ́ síbẹ̀, ẹlòmíràn ti ìdí FL Studio, ètò kọ̀ǹpútà fún orin ṣíṣe tí àwọn aṣe-bíìtì mọ̀ bí ẹní mowó. Ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON wà ní Oníkàn fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ orin kíkà. Godot, tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ọ̀fẹ́ ni. Kọ̀ǹpútà àti hẹ́dífóònù, Computer Village ní Ìkẹjà ni ọ̀pọ̀ ti ń rà á, kí olùrà sáà yẹ ẹ́ wò dáadáa kó tó sanwó.

Ohun tó ya orin géèmù sọ́tọ̀ ni pé kò mọ ìgbà tí yóò parí. Ẹni tó ń gbá géèmù lè dúró lójú kan fún ogún ìṣẹ́jú, ó sì lè kú kí èèyàn tó pajú dé. Nítorí náà, ipele-ipele ni aṣorin ń ṣe orin rẹ̀, kí géèmù lè máa yọ ọ́, kó sì máa fi kún un. Ẹgbẹ́ dùndún ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Bí ọ̀nà bá dá, gúdúgúdú nìkan ti tó. Bí ọ̀tá bá yọjú, kẹ̀rìkẹ̀rì á dára pọ̀. Bí ìjà bá dé tán, ìyáàlù á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ìyáàlù sì ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ká ní ó ń pe “ọkọ̀” nínú géèmù dánfó, tí aṣorin wá fa ohùn ìkẹyìn sókè kó lè bá dùùrù mu, “ọkọ́” ló pè yẹn. Gbígbé odidi gbólóhùn sókè tàbí sísàlẹ̀ lápapọ̀ ò ba nǹkan kan jẹ́; ohùn kan ṣoṣo tó yẹ̀ ló ń yí ìtumọ̀ padà. Bí wọ́n bá sì gé gbólóhùn ìlù láàárín kó lè máa yípo, ìlù á máa pe orúkọ tí kò parí léraléra. Ọmọ Àyàn tó bá gbọ́ ọ á rẹ́rìn-ín.

Gbígba ìlù sílẹ̀ láwọn àdúgbò bíi Mushin tàbí Bàrígà máa ń di ìdájí, kí ìwo dánfó tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tó nípọn lójú fèrèsé. Ohùn jẹnẹrétọ̀ ló burú jù. Ìsàlẹ̀, níbi tí ohùn ìyáàlù wà, lòun náà ń gbé, ẹni tó bá gé ọ̀kan kúrò á gé díẹ̀ lára èkejì.

Orin ìṣẹ́jú kan tí wọn ò tíì fún pọ̀ ń gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 10. Bó bá di OGG, irú fáìlì orin tí wọ́n ti fún pọ̀, ní kílóbíìtì 128 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 1 péré ni. Fún ẹni tó ń fi owó ra dátà, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. MP3 náà fúyẹ́, àmọ́ ó máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ bíńtín síwájú orin, tí orin tó ń yípo á fi máa kọsẹ̀ nígbàkígbà tó bá padà sí orí.

Iye ìṣẹ́jú orin tó parí ni wọ́n sábà fi ń ṣírò owó, tàbí kí wọ́n dá iye kan fún odidi iṣẹ́. Òfin ẹ̀tọ́ aṣẹ̀dá ti Nàìjíríà ti 2022 dáàbò bo orin, ó sì dáàbò bo kóòdù. Gbígbé ẹ̀tọ́ náà fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹnì kan náà ló ni géèmù tó sì ni orin, kò ní bá ara rẹ̀ ṣe àdéhùn. Ṣùgbọ́n onílù tó wá lùlù fún un ní ìdájí ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lábẹ́ òfin yẹn, ẹ̀tọ́ náà ò sì parí síbi owó ọkọ̀ tí wọ́n fún un.