Ọgbẹ́ ọkàn lára ọmọ tó la ìkọlù já

Ọgbẹ́ ọkàn ni ohun tí ẹ̀rù ńlá máa ń fi sílẹ̀ nínú èèyàn: ẹ̀rù ìbọn, ti bọ́ǹbù, ti ajínigbé. Bó bá le, tó ju oṣù kan lọ, tí kò jẹ́ kí ẹni náà gbádùn, àwọn dókítà ń pè é ní PTSD. Lára ọmọdé, kì í sábà jọ àìsàn. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń jẹgba lórí rẹ̀.

Ká ní ọmọ ọdún 8 kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis, ní Ọ̀wọ̀, lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022 tí àwọn agbébọn pa nǹkan bí 40 èèyàn níbẹ̀. Wọ́n wá mú un wá sọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé. Inú ń run ún láràárọ̀ Sọ́ńdè. Bí wọ́n bá yin báńgà nígbà Kérésì, abẹ́ tábìlì ló ń sá sí. Á to ṣùùkù àgbàdo sílẹ̀ bí èrò inú ṣọ́ọ̀ṣì, á dà wọ́n wó, á tún wọn tò. Àwọn ará àdúgbò á ní emèrè ni.

Kì í ṣe emèrè o. Ibì kan wà nínú ọpọlọ tó ń ṣọ́ ewu. Òun ló ń mú kí àyà máa já, kí ara múra àtisá. Ewu ti kọjá, ṣùgbọ́n ti ọmọ yìí kò tíì sinmi. Báńgà àti ìbọn, ọ̀kan náà ni létí rẹ̀. Eré ṣùùkù yẹn sì ni ọ̀rọ̀ tí ẹnu rẹ̀ kò tíì lè sọ.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń bọ̀ sípò láìlo oògùn, bí àgbà tí wọ́n fọkàn tán bá wà nítòsí, tí oúnjẹ àti oorun ń bọ́ sásìkò, tí wọ́n sì tètè padà sílé ìwé. Ẹ sá ẹní tó tọ̀ sí, ẹ má pariwo. Ẹ má jẹ́ kó rí fídíò ìkọlù lórí WhatsApp. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é síwájú àlejò pé kó wá ròyìn bí wọ́n ṣe yìnbọn. Bó bá fúnra rẹ̀ fẹ́ sọ, ẹ jókòó tì í, ẹ gbọ́ ọ tán.

Bó bá wá ju oṣù kan lọ tí kò rọlẹ̀, tàbí tó ń sọ pé òun fẹ́ kú, ilé ìwòsàn ló kàn, kíá. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú. Àdúrà kò sì ní kẹ́ ẹ má lọ. Wọ́n á kọ́ ọmọ náà bí yóò ṣe máa mí kí àyà rẹ̀ lè balẹ̀, wọ́n á sì jẹ́ kó máa sọ ohun tójú rẹ̀ rí díẹ̀díẹ̀. Kí ìyá àgbà bá a wọlé, torí òun ni yóò máa bá a ṣe é lọ nílé.