Atẹ́gùn, Oòrùn àti Òkúta: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ya Àwòrán Àwòdì àti Àṣá ní Abẹ́òkúta

"Àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá." Ìbarà inú òwe yìí kò jìnnà, Abẹ́òkúta níbí ló wà. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe náà ti wo àwòdì dáadáa, torí ẹyẹ tí atẹ́gùn bá ń tì lẹ́yìn kì í pẹ́ débi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó yá iṣẹ́ àwòdì yẹn gan-an ló ń ba iṣẹ́ ayàwòrán jẹ́. Ẹyẹ tí atẹ́gùn ń gbé lọ á ti kọjá kí kámẹ́rà tó rí i mú, ìdí rẹ̀ nìkan ló sì máa hàn nínú àwòrán. Èyí tó kọjú sí atẹ́gùn ló yẹ kéèyàn wá. Ṣe ló ń rọra bọ̀. Nígbà mìíràn á rà bàbà sójú kan bí ẹni pé wọ́n fi okùn so ó kọ́, ojú rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ á sì kọ sí ẹni tó ń yà á.

Àwọn ẹyẹ ńlá tó ń jẹ ẹran, àwòdì, àṣá, idì àti igún, kì í fẹ́ lu apá títí, nítorí ó ń tán wọn lókun. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ti ilẹ̀ gòkè ni wọ́n ń gùn. Bí oòrùn bá ràn, kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló ń gbóná bákan náà. Igbó àti omi máa ń pẹ́ kí wọ́n tó gbóná, àmọ́ òkúta gbalasa àti òrùlé páànù kì í pẹ́ rárá. Afẹ́fẹ́ orí wọn á gbóná, á fúyẹ́, á máa ròkè bí èéfín. Ẹyẹ tó bá bọ́ sínú rẹ̀ á kàn na apá, á máa yí po, á sì máa ga sí i láìlu apá lẹ́ẹ̀kan. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó sáàárín àpáta, tí páànù sì bò láti Ìtòkú dé Láfẹ́nwá, kò lè wá irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ tì. Odò Ògùn tó la ìlú kọjá kì í fún ẹyẹ ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi dáàmù Ọ̀yán. Etí bèbè ni àwọn tó ń fò níbẹ̀ ti ń rí i.

Ìyẹn ló fà á tí aago fi ṣe pàtàkì. Láàárọ̀ kùtù, kí ilẹ̀ tó gbóná, àṣá ṣì wà lórí ẹ̀ka tàbí òpó iná tó ń yá oòrùn. Àkókò yìí ni àwòrán ẹyẹ tó jókòó dára jù. Bí ó bá fẹ́ fò, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń ṣu, á wá tẹ ara síwájú. Ẹni tó bá rí èyí tí ìka rẹ̀ kò tíì sí lórí kámẹ́rà ti pẹ́ jù. Láti nǹkan bí aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá ni wọ́n ń gòkè, wọn ò sì tíì ga jù. Tó bá di ọ̀sán gangan, wọ́n á ti di tóótòòtó lójú ọ̀run.

Ibi tó gba làákàyè jù ni bí oòrùn àti atẹ́gùn ṣe ń pàdé. Ẹ̀yìn ayàwòrán ló yẹ kí oòrùn wà, kó lè tàn sára ẹyẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ náà ló yẹ kí atẹ́gùn ti máa fẹ́, kí ẹyẹ lè kọjú sí i. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni méjèèjì ń wà níbì kan náà. Nígbà ọyẹ́, àríwá ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn ti ń wá, láti aṣálẹ̀ Sàhárà, òwúrọ̀ sì ni oòrùn wà ní ìhà ibẹ̀. Ẹni tó bá dúró lórí àpáta Olúmọ láàárọ̀ ọyẹ́, tó wo ìwọ̀-oòrùn sí ọ̀nà odò Ògùn àti Láfẹ́nwá, ti kó méjèèjì sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà òjò, ọ̀rọ̀ yí padà. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn ti ń wá, láti orí òkun, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ló dára, ìlà-oòrùn lojú sì ń kọ sí. Ẹni tó bá gbé ti ọyẹ́ lọ sígbà òjò, ìdí ẹyẹ ni yóò máa yà láti àárọ̀. Bí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí kò bá dá èèyàn lójú, kó wo èéfín ààrò àwọn alákàrà.

Olúmọ tún ní oore mìíràn. Ó ga tó mítà 137 sí ìpele òkun, àwọn àwòdì tó ń wá oúnjẹ lórí òrùlé sì máa ń fò nísàlẹ̀ ẹni tó wà lókè. Bí a bá ya ẹyẹ láti ilẹ̀, ikùn rẹ̀ dúdú àti òfuurufú funfun nìkan la máa rí. Láti orí àpáta, ẹ̀yìn rẹ̀ àti ìrù rẹ̀ tó là sí méjì ló ń hàn, páànù tó ti dógùn-ún sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀. Kò sí àwòrán àwòdì tó fi Abẹ́òkúta hàn tó èyí. Kéèyàn máa wo ìrù yẹn: bí ó bá yí i síhà kan, ara rẹ̀ ò ní pẹ́ yí síbẹ̀.

Ní ti kámẹ́rà, lẹ́ǹsì mílímítà 400 ni ìbẹ̀rẹ̀, 600 sàn jù. Fóònù ò lè dé ibẹ̀. Fún ẹyẹ tó ń fò, ìdá kan nínú 2000 ìṣẹ́jú-àáyá ni kí ojú kámẹ́rà fi ṣí. Fún èyí tó jókòó, ìdá kan nínú 500 tó. Kí autofocus, ohun tó ń mú kí àwòrán mọ́ kedere fúnra rẹ̀, wà lórí èyí tó ń tọ nǹkan lẹ́yìn láìdúró. Bí a bá ń yàwòrán sókè, ìmọ́lẹ̀ òfuurufú máa ń tan kámẹ́rà jẹ, á sọ ẹyẹ di òjìji dúdú. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún un, láti +1 sí +2 níbi tí kámẹ́rà ti ń pè é ní exposure compensation.

Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń gbé ẹyẹ sókè yìí kan náà ló tún ń ba àwòrán jẹ́. Bí ọ̀dà títì ṣe máa ń tàn yanran bí omi lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ orí páànù ṣe ń wọ́ ìmọ́lẹ̀ kiri, tí ìyẹ́ ẹyẹ á fi rí bàìbàì. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé lẹ́ǹsì ni kò dára, wọ́n á lọ ra èyí tó wọ́n jù ú lọ. Èyí tó gùn sí i kàn ń sọ ìbàjẹ́ náà di ńlá ni. Kí a sún mọ́ ẹyẹ, kí a sì tètè jí, ni àtúnṣe rẹ̀.

Etí náà ń ṣiṣẹ́. Bí abo adìyẹ bá dákẹ́ lójijì tó dorí kọ ẹ̀gbẹ́, tó fi ojú kan wo òkè, ẹ wo ibi tó ń wò. Bí kannakánná bá ń pariwo tí wọ́n sì ń lé nǹkan kiri, àṣá sábà máa ń wà níbẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, níbi tí iná bá ti ń jó oko, àwòdì á máa gbé tata tó ń sá fún iná. Odò ẹran náà ń fà wọ́n, nítorí ìfun.

Igún gba ìṣọ́ra tó yàtọ̀. Ní ọdún 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá, ka igún kékeré, èyí tó máa ń wà nítòsí èèyàn, mọ́ àwọn ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kí wọ́n pa run. Májèlé àti títà á fún oògùn wà lára ohun tó ń pa á, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti wí pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ibi tí ìtẹ́ rẹ̀ wà fún gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ fóònù àti kámẹ́rà ló ń kọ ibi tí wọ́n ti ya àwòrán pa mọ́ sínú rẹ̀. Kí a yọ ìyẹn kúrò kí a tó fi síta. Ní ìdí ìtẹ́, bí ẹyẹ bá dìde lórí ẹyin tó sì tẹ ojú mọ́ ayàwòrán, a ti sún mọ́ ọn jù. Oòrùn ọ̀sán kì í pẹ́ ba ẹyin tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ jẹ́. Kí ayàwòrán rọra fà sẹ́yìn títí ẹyẹ á fi tún sàba.